Àwòkọ́ṣe ní Kíláàsì: Ohun tí Ojú Ọmọ Ń Rí lára Olùkọ́

Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú Ẹdẹ yìí, tí mo rò pé ó yẹ kí n kọ sínú ìwé wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bu ọlá fún ẹni tí ó ń kọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí a ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ní àkókò tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, mo jókòó nínú kíláàsì kẹta tí a fi sí ìkáwọ́ mi, mo ń yẹ ìwé ìṣirò wọn wò. Àwọn ọmọbìnrin bí mẹ́fà nínú wọn wà lábẹ́ igi tí ó wà lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń fi ilé-ìwé ṣeré. Ọ̀kan nínú wọn ni tíṣà. Ó mú ìṣá ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń fi tọ́ka sí ara ògiri bí ẹni pé pátákó ìkọ̀wé ni. Ó bi ọ̀kan nínú àwọn "ọmọ" rẹ̀ ní ìbéèrè, èyí kò sì lè dáhùn. Nígbà náà ni tíṣà kékeré yìí gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó mí kanlẹ̀, ó yíjú sí àwọn ìyókù, ó sì wí pé, "Ẹ bá mi wò ó! Fìlà nìkan ni orí yìí wà fún." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi ẹni tí a bú.

Èmi náà kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ mi ni. Ọmọbìnrin ni ẹni tí ó ń sọ ọ́ sí, ọmọbìnrin kì í sì í dé fìlà. Ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ náà padà, bí ó ti gbọ́ ọ ni ó ṣe sọ ọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà ni mo ti sọ ọ́ sí ọmọkùnrin kan tí kò lè ṣe ìṣirò ìyọkúrò. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì ti gbàgbé. Ọwọ́ tí ó gbé lé ìbàdí, èmi ni mo ni ín. Bí ó ti mí kanlẹ̀ nì, èmi ni mo ni ín pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé títí di ọjọ́ náà n kò mọ̀ pé mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí jù ni èyí. Àwọn ìwé tí ó wà níwájú mi lórí tábìlì jẹ́ ti ẹ̀kọ́ ìyọkúrò tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ wọn, tí mo kọ ìpèsè rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, tí olùkọ́ wa sì fọwọ́ sí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni kò gbà á. Ẹ̀kọ́ kejì, èyí tí n kò pèsè, tí n kò sì tún sọ lẹ́ẹ̀mejì, ni ọmọ ọdún mẹ́jọ kan gbà láìku ẹyọ kan.

Mo lọ bá olùkọ́ tí ó ń bójú tó wa, mo sì ròyìn rẹ̀ fún un. Kò bá mi wí. Ó kàn bi mí pé, "Ǹjẹ́ o ti ka iṣẹ́ Bandura rí, àbí orúkọ rẹ̀ ni o kọ́ sórí fún ìdánwò?" Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, orúkọ rẹ̀ ni." Ó ní kí n lọ kà á, kí n sì padà wá.

Kí n tó sọ ohun tí mo kà, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ kan tí ó ti wà nínú èdè wa kí a tó gbọ́ orúkọ Bandura. À ń pe ènìyàn rere ní ẹni àwòkọ́ṣe. Ní ọjọ́ ìfẹ̀bùntọrẹ ní ilé-ìwé ni a sábà máa ń gbọ́ ọ, nígbà tí wọ́n bá pe ẹni ńlá kan wá láti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, nítorí náà ni a ṣe rò pé ohun rere nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà fún. Ṣùgbọ́n ẹ tú u wò: a wò, a kọ́, a ṣe. Kò sí ohun tí ó ń jẹ́ rere nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ ń gbà wọlé ni ó ń sọ, kò sọ irú ẹ̀kọ́ tí yóò gba ibẹ̀ wọlé.

Albert Bandura ni a bí ní ọdún 1925 ní Mundare, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Kánádà, ó sì kú ní ọdún 2021. Ní ilé-ìwé tí ó lọ nígbà èwe rẹ̀, olùkọ́ méjì péré ni ó ń kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ àwọn kíláàsì òkè, ìwé sì ṣọ̀wọ́n, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi ní láti máa wá púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ wọn fúnra wọn. Ẹni tí ó bá ti kọ́ni ní abúlé wa rí yóò mọ irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1961, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, òun pẹ̀lú Dorothea Ross àti Sheila Ross tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ń sọ títí di òní.

Wọ́n mú ọmọ 72, ọkùnrin 36 àti obìnrin 36, láti ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ti yunifásítì náà. Àwọn ọmọ náà ti ju ọdún 3 lọ, kò sì sí èyí tí ó pé ọdún 6. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, ọmọ 24 ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ní ti àwọn ti ìṣáájú, a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan wọ inú yàrá kan tí àgbàlagbà kan wà. Ọmọláńgidi gàgàrà kan wà níbẹ̀, tí a fẹ́ atẹ́gùn sí nínú, irú èyí tí ó jẹ́ pé bí a bá tì í ṣubú yóò tún dìde. Bí ọmọ náà ti jókòó sí igun kan tí ó ń fi àwòrán ṣeré, àgbàlagbà yìí kọjú sí ọmọláńgidi náà: ó gun orí rẹ̀ jókòó, ó lu imú rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ́, ó fi òòlù onígi gbá a lórí, ó sọ ọ́ sókè, ó ta á nípàá, ó sì ń sọ àwọn ọ̀rọ̀ kan pàtó bí ó ti ń ṣe é. Ní ti àwọn ọmọ 24 kejì, àgbàlagbà náà kàn ń fi àwọn nǹkan ìṣeré mìíràn ṣeré jẹ́jẹ́, kò sì wo ọmọláńgidi náà rárá. Àwọn ẹ̀kẹta kò rí àgbàlagbà kankan.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ sí ibi tí àwọn nǹkan ìṣeré tí ó dára jọjọ wà. Bí ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí gbádùn wọn, wọ́n sọ fún un pé ti àwọn ọmọ mìíràn ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe èyí láti bí i nínú díẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n mú un wọ yàrá mìíràn tí ọmọláńgidi náà àti nǹkan ìṣeré mìíràn wà, wọ́n sì ń wò ó láti ẹ̀yìn dígí fún ogún ìṣẹ́jú láìjẹ́ kí ó mọ̀. Àwọn tí wọ́n ti rí àgbàlagbà tí ó ń lù ú ni wọ́n lù ú ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n sì lù ú bí àgbàlagbà náà ti lù ú gan-an, pẹ̀lú òòlù náà, àti pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọkùnrin lù ú ju àwọn obìnrin lọ, pàápàá bí ẹni tí wọ́n wò bá jẹ́ ọkùnrin.

Àwọn ènìyàn ti bá ìwádìí yìí jiyàn. Wọ́n ní nítorí kí a lè gbá a ṣubú ni a ṣe ṣe irú ọmọláńgidi bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ní ogún ìṣẹ́jú kò lè fi hàn bí ọmọ yóò ṣe rí ní ọdún tí ń bọ̀. Èmi pẹ̀lú gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní tèmi, kì í ṣe ti ìbínú ni ó gbà mí lọ́kàn níbẹ̀. Ohun tí ó gbà mí lọ́kàn ni pé kò sí ẹni tí ó sọ fún àwọn ọmọ náà pé, "Ẹ kọ́ èyí." Kò sí ẹni tí ó fún wọn ní mìndìn-mín-ìndìn. Àgbàlagbà náà kò tilẹ̀ kọjú sí wọn. Síbẹ̀, òòlù kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Fìlà kan náà.

Iṣẹ́ kejì, èyí tí ó jáde ní ọdún 1965, ni ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ tí ń mú pàṣán lọ́wọ́ kà. Nínú ìyẹn, àwọn ọmọ wo àwòrán tí ń rìn, nínú èyí tí ẹnìkan ti ń lu ọmọláńgidi náà. Ìparí rẹ̀ kò jọra fún gbogbo wọn: àwọn kan rí i pé a yin ẹni náà, a sì fún un ní ohun dídùn, àwọn kan rí i pé a bá a wí, a sì jẹ ẹ́ níyà, àwọn kan kò sì rí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí a fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọláńgidi, àwọn tí wọ́n rí ìyà kò fara wé e tó àwọn ìyókù. Bí a bá dúró níbẹ̀, a ó wí pé, "Ẹ ò rí i? Ìyà ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n." Ṣùgbọ́n Bandura kò dúró níbẹ̀. Ó wá ṣèlérí ẹ̀bùn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan fún ohunkóhun tí ó bá lè ṣe nínú ohun tí ó rí. Kíá ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn pòórá. Àwọn tí wọ́n rí ìyà ti kọ́ gbogbo rẹ̀ bákan náà. Wọ́n kàn pa á mọ́ sínú ni.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí èyí díẹ̀. Kíláàsì tí ó pa rọ́rọ́ nígbà tí tíṣà wà níbẹ̀, tí ó sì di ọjà nígbà tí ó bá jáde, kò tíì fi ohunkóhun sílẹ̀. Ó ń pa á mọ́ ni. Ẹni tí ó sì na ọmọ kan níwájú ogójì ọmọ nítorí pé ó lu ẹnìkejì rẹ̀ ti ṣe ohun méjì. Ó ti fi hàn pé a kò gbọdọ̀ lù, ní ìwọ̀n ìgbà tí a bá lè rí wa. Ó sì ti fi hàn, ní gbangba, bí a ti ń lù. N kò sọ èyí láti bá àwọn àgbà wa lẹ́nu iṣẹ́ jà. Pàṣán ni wọ́n fi kọ́ èmi náà. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé mo rí ìṣá ìgbálẹ̀ yẹn lọ́wọ́ ọmọ náà. Èmi kò na ẹnikẹ́ni ní kíláàsì náà. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ó ti wo ìyẹn. Ahọ́n ni mo fi na tèmi.

Bandura kò sọ pé gbogbo ohun tí ọmọ bá rí ni yóò ṣe. Ó ní ọmọ ní láti kíyè sí ohun náà. Ó ní láti fi í pamọ́ sí iyè. Ọwọ́ àti ara rẹ̀ ní láti lè ṣe é. Ó sì ní láti ní ìdí tí yóò fi fẹ́ ṣe é. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí àwọn ọmọ Àyàn ní ìlú yìí kí n tó rántí kíláàsì kankan.

Ìlú onílù ni Ẹdẹ. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ìbí ibí mọ̀ pé Tìmì Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, tí ó jọba láti ọdún 1946 títí di 1975, kì í ṣe ọba tí a ń lu ìlù fún nìkan: òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá nídìí ìlù dùndún, ó sì kọ̀wé lórí àwọn ìlù Yorùbá. Bí ọmọ onílù ti ń kọ́ ìlù kò ní pátákó ìkọ̀wé nínú. Ó ti ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sí òde, ó ń gbé ìlù fún un, ó ń dúró ní ẹ̀gbẹ́, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ọwọ́. Ó ń lu agolo nílé. Bí ó bá yá, a fi í sídìí ọ̀kan nínú àwọn ìlù kéékèèké tí ń gbe ìyáàlù lẹ́sẹ̀, níbi tí bí ó bá ṣì í, ìlù kò ní dàrú. Níbẹ̀ ni yóò wà fún ìgbà pípẹ́, tí yóò máa wo ẹni tí ó wà nídìí ìyáàlù. Bí ó bá sì ṣì í lù, àgbà kan yóò wò ó lójú, tàbí kí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ó lù ú fún un lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ kíyè sí i pé ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Bandura kà ni ó wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ wọn. Ẹ sì tún kíyè sí i pé kì í ṣe wíwò lásán. Àwọn kan máa ń wí pé ọmọ wa a máa kọ́ iṣẹ́ nípa "wíwò nìkan". Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì jókòó ti onílù rí. Wíwò, ìdánwò, àtúnṣe, àti wíwò lẹ́ẹ̀kan sí i ni.

Mo padà lọ bá olùkọ́ wa, mo sì fi ayọ̀ sọ fún un pé mo ti rí ìdáhùn: kí n máa kọ́ wọn ní ìṣirò bí Àyàn ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìlù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "O gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni a fi ń lu ìlù, ọmọ sì lè wo ọwọ́. Níbo ni ọmọ yóò wò bí ìwọ bá ń ṣe ìyọkúrò?"

Ìbéèrè náà dá mi dúró. Mo ronú sí ohun tí mo ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ń kọ 52 sí òkè, mo ń kọ 38 sí ìsàlẹ̀, mo ń fa ilà, mo ń kọ 14. Bí mo bá fẹ́ ṣàlàyé, mo ń sọ pé, "A ó yá ọ̀kan," ẹfun mi sì ti kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó balẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ rí ni ẹ̀yìn mi, àti ìdáhùn. Iṣẹ́ náà gan-an, inú orí mi ni mo ti ṣe é, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹnu mi nìkan ni mo ṣí sílẹ̀ fún wọn láti wò, ẹnu náà ni wọ́n sì wò.

Olùkọ́ wa ní kí n máa sọ ohun tí orí mi ń ṣe síta, kí n máa sọ ọ́ bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, títí kan ibi tí n kò bá ti dá ara mi lójú. Nítorí náà, ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, mo kó ìṣá ìgbálẹ̀ wá, mo dì wọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, mo sì kó ìdì márùn-ún àti ìṣá méjì sórí tábìlì. Mo wí pé: "Mo ní méjìléláàádọ́ta. Mo fẹ́ yọ méjìdínlógójì kúrò. Mo fẹ́ kọ́kọ́ yọ mẹ́jọ. Méjì péré ni ó wà nílẹ̀; kò tó. Ó ń ṣe mí bíi kí n yọ méjì kúrò nínú mẹ́jọ, nítorí pé ìyẹn rọrùn. Rárá, ìyẹn kọ́ ni wọ́n ní kí n ṣe. Kí ni mo tún ní? Mo ní ìdì. N ó tú ọ̀kan. Nísinsìnyí ìdì ku mẹ́rin, ìṣá sì di méjìlá. Mẹ́jọ kúrò nínú méjìlá, ó ku mẹ́rin. Ìdì mẹ́ta kúrò nínú mẹ́rin, ó ku ọ̀kan. Mẹ́rìnlá. Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò: bí mo bá dá méjìdínlógójì padà sórí mẹ́rìnlá, ǹjẹ́ ó pé?"

Mo rí ohun kan tí n kò rí rí: ojú wọn ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Nígbà tí mo sì sọ pé ó ń ṣe mí bíi kí n yọ méjì kúrò nínú mẹ́jọ, ọmọkùnrin tí mo bú nì gbé orí sókè. Ohun tí òun ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ yìí wá. 26 ni ó máa ń rí. Kò sí ẹni tí ó tíì sọ fún un rí pé ìdánwò náà máa ń wá sí orí tíṣà pẹ̀lú. (Mo tún ṣàkíyèsí, bí mo ti ń pè wọ́n, pé ìyọkúrò ti wà nínú orúkọ àwọn nọ́ńbà wa: ẹni tí ó wí pé méjìdínlógójì ti yọ méjì kúrò nínú ogójì kí ó tó dé ilé-ìwé. N kò tíì mọ bí n ó ti lo ìyẹn, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sílẹ̀.)

Èdè Yorùbá ni mo fi sọ gbogbo rẹ̀, ó sì yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí àwọn tí wọ́n rò pé a ń fà wọ́n sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ń fi ìrònú hàn ní èdè tí ọmọ kò gbọ́ dáadáa dà bí onílù tí ó fi aṣọ bo ọwọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n fi wé wọn bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin, bí àṣà ti rí. Àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn kejì lọ nínú ẹ̀kọ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́ nítorí rẹ̀.

Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà mo ṣì í, ní tòótọ́, kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀. Mo tú ìdì kan, mo sì gbàgbé pé ìdì ti dín. Mo kọ 24. Ọmọ kan nawọ́: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kò pé." Ojú tì mí. Bí kì í bá ṣe ohun tí mo ti rí lábẹ́ igi, n bá wí fún un pé kí ó jókòó. Mo wí pé, "O ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Níbo ni mo ti ṣì í?" Àwa pẹ̀lú wọn sì jọ wá a. Nígbà tí mo ń yẹ ìwé wọn wò ní ọjọ́ kejì, mo rí i pé àwọn kan ti fa ilà sí abẹ́ ìṣirò wọn, wọ́n sì ti ro ó padà láti mọ̀ bí ó pé. N kò ní kí wọ́n ṣe é.

Ohun kan wà tí olùkọ́ kò lè fi hàn bí ó ti wù kí ó gbìyànjú tó, òun náà ni pé ọmọ lè ṣe é. Ọmọ yóò wí nínú ara rẹ̀ pé, "Tíṣà ni, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n." Ní ọdún 1985 ni Dale Schunk àti Antoinette Hanson ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ọmọ tí ìyọkúrò ṣòro fún, irú ìyọkúrò oníyíyá yìí gan-an. Àwọn kan wo àwòrán ọmọ ẹgbẹ́ wọn tí ń kọ́ ọ, àwọn kan wo ti olùkọ́ tí ń ṣe é, àwọn kan kò sì wo ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n wo ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni ọkàn wọn balẹ̀ jù pé àwọn náà yóò lè ṣe é, àwọn ni wọ́n sì ṣe é jù. Ohun àtijọ́ ni èyí ní apá kan. Andrew Bell ti ń fi ọmọ kọ́ ọmọ ní Madras ní ilẹ̀ Íńdíà ṣáájú ọdún 1800, àwọn míṣọ́nnárì sì mú irú àṣà bẹ́ẹ̀ wá sí ilẹ̀ wa, èyí tí ó bí àwọn mọ́nítọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó mọ̀ jù ni à ń fi ṣe mọ́nítọ̀, mo sì rò pé àṣìṣe ni fún iṣẹ́ yìí. Ọmọ tí ó mọ̀ jù ti dà bíi tíṣà lójú àwọn ìyókù. Mo pe ọmọbìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á ní àná, pé kí ó wá ṣe é níwájú, kí ó máa sọ̀rọ̀ síta. Ó dúró lẹ́ẹ̀mejì, ó sọ pé, "Ibí yìí ni ó máa ń rú mi lójú," ó sì kọjá. Àwọn méjì mìíràn nawọ́ pé àwọn fẹ́ wá.

Kí ẹ má baà rò pé mo ti di ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èyí tí ó jókòó níwájú. Ó gba gbogbo ọ̀rọ̀ mi, láti orí dé ìdí: "kò tó", "n ó tú ọ̀kan", "ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò". Mo fún un ní 58, pé kí ó yọ 32 kúrò. Ó wí pé, "Méjì kúrò nínú mẹ́jọ, kò tó," ó sì tú ìdì kan. Ó ti wo ọwọ́ mi, ó sì ti kọ́ ọ; ohun tí ó mú ọwọ́ náà tú ìdì ni kò rí. Mo padà sẹ́yìn, mo ń da àwọn tí ó yẹ kí a tú pọ̀ mọ́ àwọn tí kò yẹ, mo sì ń bi wọ́n kí n tó fọwọ́ kan ìdì pé, "Ṣé kí n tú u, àbí kí n má tú u? Èéṣe?" Ìyẹn pẹ́ ju gbogbo èyí tí ó kù lọ, n kò sì lè wí pé gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n kí á tó kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin onífìlà kù. Mo ti rò pé kí n pè é sí kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gbangba ni mo ti bú u, ojú gbogbo wọn sì ni ó gba á wọlé. Nítorí náà mo dúró níwájú kíláàsì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo wí pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa orí rẹ̀ kò dára, kò sì jẹ́ òtítọ́, pé kí ó má bínú. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo fi èdè mìíràn sọ ọ́. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ wà ní ilé-ìwé kan náà pẹ̀lú mi bi mí lẹ́yìn náà pé, "Ṣé tíṣà a máa bẹ ọmọ ni? Wọn kò ní bẹ̀rù rẹ mọ́." Bóyá òótọ́ ni. Ariwo wọn pọ̀ díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, n kò sì ní purọ́ nípa rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kẹ́yìn, mo tún gbọ́ ohùn wọn lábẹ́ igi náà. Ọmọ kan náà ni tíṣà, ìṣá kan náà ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi ẹnìkan ní ìbéèrè, èyí sì dáhùn, tíṣà náà wo ògiri títí, ó fi ìṣá ha orí, ó sì wí pé, "Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò." Ọwọ́ rẹ̀ kejì ṣì wà ní ìbàdí.